Ìpè Ògbómọ̀ṣọ́ Lẹ́yìn Ìrun Àsùbáà

Ní àràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti kí ìrun àsùbáà tán tí mo sì ti ká ẹní ìkírun mi, tẹlifóònù mi a dún. N kì í wo ojú rẹ̀ kí n tó gbé e, nítorí mo mọ ẹni tí ń pè. Àbúrò mi obìnrin ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ẹni tí ó padà sí ilé baba wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Kì í kí mi gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí ara wọn. Ohun tí ó máa ń wí ni pé:

"Hẹ́lò, Ìkẹjà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ so mí pọ̀ mọ́ obìnrin agbéraga kan tí ń gbé ní Àgídìngbì."

Èmi náà a gbé ohùn iṣẹ́ ìjọba wọ̀. "Ta ni kí n sọ fún un pé ó ń pè é?"

"Ẹ sọ fún un pé ará oko kan tí kò gbọ́ gírámà ni."

"Ẹ dúró lórí ìlà. Ẹ má ṣe gbé tẹlifóònù sílẹ̀."

Nígbà náà ni àwa méjèèjì yóò bú sẹ́rìn-ín, àwa arúgbó méjì tí eyín ti ń dín kù lẹ́nu wa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a jẹ lánàá, bí oorun ti rí, ibi tí ó ń dun kálukú, àti ẹni tí ó kọ̀ láti kí wa ní ibi ìsọmọlórúkọ.

Ẹni tí kò bá mọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe lè má mọ ohun tí ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ní ìgbà èwe mi, lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ajíhìnrere, níbi tí wọ́n ti ń na ọmọ tí ó bá fi "ùn-hún" dáhùn ìbéèrè dípò gbólóhùn tí ó pé, wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìkẹjà. Iwájú pátákó gíga kan tí ó kún fún ihò ni à ń jókòó sí, a ó fi ohun ìgbọ́ràn bo etí, a ó sì mú okùn wáyà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ará Ìbàdàn tàbí ará Kánò sọ̀rọ̀ nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àwa ni a ó wá ìlà fún un, tí a ó ní kí ó dúró, tí a ó sì so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń wá. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà kí á tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń pè àti ẹni tí a pè. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìlà mọ́ tàbí kò mọ́ kí a tó yọwọ́ kúrò, nítorí náà mo kọ́ láti máa gbọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ohùn: òjò tí ń rọ̀ lórí páànù ní Ìbàdàn, adìyẹ tí ń ké ní ẹ̀yìnkùlé ẹni kan ní Ìlọrin, ẹnìkejì tí ó wà nínú yàrá tí kò sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ń mí. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Pátákó náà àti àwọn okùn rẹ̀ ti di àwátì. Etí náà ni ó kù sí mi lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ibi iṣẹ́ yẹn, mo so ọkùnrin kan tí ó wà ní Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ obìnrin kan tí ó wà ní ilé ìtajà ní Agége. Bí mo ti ń dúró kí ìlà mọ́ ni mo gbọ́ tí ọkùnrin náà sọ fún un, láìkí i, láìbi í bóyá ó jókòó, pé ọmọ rẹ̀ ti kú. N kò gbọ́ igbe. Ohun tí mo gbọ́ ni tẹlifóònù tí ó já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, tí ó ń fì lórí okùn rẹ̀, tí ó sì ń gbá ògiri, kò, kò, kò, tí ọkùnrin náà sì ń wí láti Ọ̀yọ́ pé, "Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Hẹ́lò?" Èmi ni mo fa okùn náà yọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣe òfin kan nínú ilé mi, tí mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ mi bí mo ṣe kọ́ wọn láti wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mi kò gbọdọ̀ túfọ̀ lórí tẹlifóònù. Ìròyìn ikú gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé. Kí ẹni tí ó mú un wá kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó, kí ó fún onílé ní omi mu, kí ó tó la ẹnu. Àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ gba òfin náà lọ́wọ́ mi, nítorí ó bá ìṣe àwọn baba wa mu, àti nítorí pé, kí n má parọ́, ẹ̀rù mi ń bà wọ́n.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, tẹlifóònù mi kò dún.

Mo dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Mo pè é, ó dún títí ó fi gé, kò sí ẹni tí ó gbé e. Ọmọbìnrin mi àgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláùsá, ni ó ń bá mi gbé. Nígbà tí ó jáde láti inú yàrá rẹ̀, mo sọ fún un pé àbúrò mi kò pè. Ó dúró, kò wo ojú mi.

"Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màmá."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dún kí ó tó bàjẹ́. Ó dún. A kò gbé e ni."

"Màmá, bóyá wọ́n wà nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ fún mi ní fóònù yín gan-an, ó ti ń ṣe ségesège lọ́jọ́ mẹ́ta yìí. Mà á gbé e lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì, kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

N kò rí ségesège kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fún un. Ní àárọ̀ yẹn kan náà ni ó sọ pé ọ̀gá òun ń rán òun lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abẹ́òkúta. Mo rí i bí ó ṣe ń di ẹrù. Ó ká híjáàbù rẹ̀ funfun ńlá, èyí tí kì í lò bí kò ṣe níbi àdúrà, ó sì fi í sí abẹ́ aṣọ mìíràn. Mo bi í léèrè bóyá àwọn oníṣẹ́ ìjọba ti ń kírun jọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dénú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ó tó padà. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní eruku ojú ọ̀nà ni. Ó gbé tẹlifóònù mi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti nù ún mọ́, wọ́n ti lẹ gíláàsì tuntun mọ́ ojú rẹ̀, ó sì ń dán bí ohun tí a fẹ́ fi tọrọ àforíjì.

Ní òwúrọ̀ kejì, ohùn àbúrò mi dé. Kì í ṣe ìpè. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní fóìsì, tí ènìyàn yóò tẹ̀ kí ó tó gbọ́. Ó ti máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ìlà kò bá dára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ara mi le, mo dúpẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò jẹ́ kí n rí yín pè, ni mo ṣe ní kí n fi ohùn kí yín. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ."

Ohùn rẹ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì fi ohùn tèmi dá a lóhùn. Mo bi í léèrè bóyá orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, mo sì bi í léèrè ìdí tí kò fi ní kí n so òun pọ̀ mọ́ obìnrin agbéraga. Ní ọjọ́ kejì ohùn mìíràn dé. Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní kí n rọra máa rìn. Kò dáhùn ohun tí mo bi í. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjọ́ kẹta. Mo ń béèrè, ó ń kí mi. Ó dà bí ẹni pé mo ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì tí ó nípọn, tí ń rẹ́rìn-ín sí mi, tí kò sì gbọ́.

Mo pe àwọn ẹbí yòókù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo nọ́ńbà tí mo tẹ̀ ni ó dún. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n gbé. Ilé kan tí a kì í pè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn ti yadi látòkè délẹ̀.

Mo pe ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́ mi ní ìrọ̀lẹ́. "Kí ni ó dé tí àbúrò mi kò lè pè mí?"

"Màmá, ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí lára fóònù wọn ló bàjẹ́. Wọ́n ti sọ fún mi."

"Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ibo ni ó ń sọ̀rọ̀ sí tí ohùn rẹ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ ó kàn máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn bí ọlọ́pàá."

"N kò ṣe ọlọ́pàá rí. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe."

"Ti ayé àtijọ́ nìyẹn, Màmá mi. Wáyà ni tiyín. Ti ìsinsìnyí, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tí ó wà lórí iná. Kò sí ohun kankan lórí iná. Mo gbọ́ pé kò sí.

Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agége, sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú wa kan tí ń rán aṣọ nítòsí ibùdó rélùwéè. Bàbá tí ó ti ní ọmọ ọmọ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò ti máa pariwo sí gbogbo àdúgbò pé, "Ẹ gbá ilẹ̀ kíákíá o, gírámà ti ń bọ̀!" Yóò nu àga fún mi bí ẹni pé ọbabìnrin ilẹ̀ òkèèrè ni mo jẹ́, yóò béèrè bóyá n óò mu tíì tàbí n óò mu omi àwọn ará oko. Mo máa ń bú u, yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí n óò fi lọ.

Ní ọjọ́ náà, ó rí mi, ó sì dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Kò pariwo. Ó jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láàárín àkísà aṣọ.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní "mà" rí.

"Ṣé o ti bá ilé sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Ilé wà, mà."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú kúrò lára aṣọ kan tí kò sí òwú lára rẹ̀. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa, mà."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, àdúrà ni o fi dá mi lóhùn. Ó dára. Yá mi ní tẹlifóònù rẹ kí n fi pe ilé. Bóyá wọn yóò gbé tìrẹ."

"Kò sí iná nínú rẹ̀, mà. Ó ti kú fin-ín." Bí ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán ni ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni tẹlifóònù rẹ̀ dún nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ó dún títí ó fi dákẹ́. Kò na ọwọ́ sí i. Ó gba báàgì mi, ó sìn mí dé ẹ̀bá títì, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró fún mi, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ń wo ẹni tí ń lọ sí ìrìn àjò tí ó jìn. Ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ wa fi yà.

Síbẹ̀ n kò gbà. Mo sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ pé àìsàn ni ó dá a gbé. Ó lè jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́, pé apá kan ara rẹ̀ ti rọ, tí wọn kò sì fẹ́ kí n gbọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn ṣì wà lórí ìlà. Mo gbà láti gba àìsàn. Mo tilẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ àìsàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ohùn mìíràn dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Òtútù mú wa níbí o." Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́. Mo sì gbọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: gbì, gbì, gbì, gbì, tí ó ń lọ láìsinmi.

Ẹ̀rọ ìlọta ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ni ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri ilé àbúrò mi, tí ó ń lọ ata àti èlùbọ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí àbúrò mi sì ń ṣépè fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ṣáájú ààwẹ̀ tí ó kọjá ni ọkùnrin náà tú ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó sì kó lọ sí ibòmíràn. Mo rántí òwúrọ̀ náà. Àbúrò mi pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́!" Mo tẹ́tí, mo ní n kò gbọ́ ohun kankan. "Ohun tí mo ní kí ẹ gbọ́ nìyẹn!" ni ó wí, ó sì ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Mo tẹ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ tí kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ ń lọ ata lẹ́yìn àbúrò mi. Òtútù tí ó ń sọ, òtútù ọdún mìíràn ni. Ẹnì kan ń ṣa àwọn ohùn àtijọ́ rẹ̀, tí mo ti gbọ́ rí tí mo sì ti gbàgbé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní òwúrọ̀, bí ẹni tí ń bu oúnjẹ láti inú àgbá tí a kò ní rọ nǹkan sí mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé mélòó ni ó kù nínú àgbá náà. N kò sọ fún ọmọ mi. Mo jẹun tí ó gbé fún mi. Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ náà dùn.

Lẹ́yìn ọgbà wa ní Àgídìngbì, ilé iṣẹ́ kan wà tí ń ṣe ike. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn, ó sì ti wọ̀ mí lára débi pé n kì í gbọ́ ọ mọ́, àfi ní ọjọ́ Àìkú tí ó bá dákẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ náà dákẹ́. Wọ́n sì ti mú iná lọ, fáànù kò yí, fíríìjì kò kùn. Mo kírun, mo ká ẹní mi. Tẹlifóònù mi tanná: ohùn ti dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi.

N kò tẹ̀ ẹ́. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀.

Ní etí mi ọ̀tún, ó ń dún. Ní etí mi òsì, láti ẹ̀yìn ògiri, láti inú yàrá ọmọ mi, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì onígi. Bí ó bá dún níhìn-ín, a gbọ̀n lọ́hùn-ún. Bí ó bá sinmi níhìn-ín, a sinmi lọ́hùn-ún. Mo gé ìpè náà. Gbígbọ̀n náà dúró. Mo tún pè. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bò mọ́lẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìrọ̀rí lé nǹkan lórí.

Tẹlifóònù àbúrò mi kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wà nínú ilé mi. Àbúrò mi kò jẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní inú ilé ìdáná ni ó ń gbé e lọ, ó ń so ó mọ́ ìkángun ìró rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti ń mú un lọ́wọ́, a jẹ́ pé ìró náà ti bọ́ lára rẹ̀. Ọjọ́rú tí kò pè, híjáàbù funfun, ojú tí ó wú: gbogbo rẹ̀ wá jókòó sí àyè rẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí ọmọ mi tó padà dé.

Mo sì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Òfin mi ni. Kò sí ẹni tí ó láyà láti sọ ọ́ fún mi lórí tẹlifóònù, kò sì sí ẹni tí ó tíì rí ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wá sọ ọ́ ní ojú mi. Wọ́n ń dúró de àwọn àgbà ìdílé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí àwọn àgbà tó dé, wọ́n ní kí òkú máa kí mi ní òwúrọ̀.

N kò sunkún nígbà náà. Mo jókòó dáadáa, mo na ẹ̀yìn mi gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ wa níwájú pátákó. Mo tẹ ibi tí a ń gba ohùn sílẹ̀ sí, mo sì gbé ohùn iṣẹ́ wọ̀.

"Hẹ́lò, Ògbómọ̀ṣọ́. Ìkẹjà ni mo ti ń pè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ so mí pọ̀ mọ́ àbúrò mi obìnrin." Mo dúró díẹ̀, bí a ṣe ń dúró. "Bí kò bá sí lórí ìlà mọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tí ó mú tẹlifóònù rẹ̀ lọ́wọ́ pé ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Kí ó má ṣe fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá."

Mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ògiri. Ọmọ mi ti rẹ ohùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́, mo sì gbọ́ ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn obìnrin arúgbó kan tí ń béèrè ìlà lọ́wọ́ ibi tí a kì í ti í dáhùn. Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì ké. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ wá sí ọ̀dọ̀ mi, ilé ìdáná ni ó lọ, mo sì gbọ́ tí ó ń bu omi sínú ife.

Ó jáde wá, ó gbé ife náà lé àwo pẹlẹbẹ. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ń dúró kí n kọ́kọ́ mu omi kí ó tó la ẹnu, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.